Ṣé Wíìlì Ni Ká Pààrọ̀ Ni, Àbí Táyà? Ìdáhùn Lórí Bí Kẹ̀kẹ́ Ṣe Ń Gbọ́ràn Sí Ọwọ́

Òǹkàwé kan láti Ìbàdàn béèrè pé: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ kan tí wọ́n kọ 700 × 28C sí ara táyà rẹ̀. Òun ni mò ń gùn lọ sí ibi iṣẹ́, ṣùgbọ́n kòtò pọ̀ lójú ọ̀nà wa, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà sì máa ń gbọ̀n débi pé ó ń fẹ́ já mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹni tó ń bá mi tún un ṣe ní kí n yọ wíìlì méjèèjì, kí n fi oní-26 íńṣì tó ní táyà ńlá sí i. Ọ̀rẹ́ mi ní rárá, pé bí wíìlì bá ṣe tóbi tó ni kẹ̀kẹ́ ṣe ń dúró dáadáa tó, pé ìdí nìyẹn tí kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ tó ṣeé ká, tó jẹ́ 20, fi máa ń ṣe gìrìgìrì. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú wọn? Ìyàwó mi náà fẹ́ ra tirẹ̀, ènìyàn kúkúrú sì ni.”

Ẹ ṣeun fún ìbéèrè yín. Àwọn méjèèjì tó gbà yín nímọ̀ràn ló mọ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó fọwọ́ kan ibi tó ń dùn yín gan-an. Kẹ̀kẹ́ yín kò nílò wíìlì mìíràn. Táyà tó fẹ̀ ju èyí tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ báyìí lọ, tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò sì le jù, ni yóò yanjú èyí tó pọ̀ jù nínú ìṣòro yín, kò sì ní ná yín tó owó wíìlì méjì. N ó ṣàlàyé ìdí rẹ̀, torí pé irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ kò ní tán lẹ́nu àwọn ènìyàn, ó sì yẹ kí ẹ lè gbé e yẹ̀ wò fúnra yín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ nọ́ńbà kúrò lọ́nà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ owó ti ń ṣòfò lọ́jà. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí ẹ fi àkísà nu ẹ̀gbẹ́ táyà yín, ẹ ó rí nọ́ńbà kékeré méjì tí wọ́n fi ìlà kúkúrú là láàárín: 28-622. Ti àkọ́kọ́ ni bí táyà náà ṣe fẹ̀ tó ní mìlímítà nígbà tí afẹ́fẹ́ bá wà nínú rẹ̀. Ti èkejì ni ìwọ̀n ibi tí etí táyà jókòó sí lára rímù, láti apá kan gba àárín kọjá dé apá kejì. Nọ́ńbà kejì yìí ni kì í purọ́. 700C tí wọ́n kọ gàdàgbà, orúkọ àtijọ́ ni, láti ìgbà tí àwọn ará Faransé ń wọn táyà láti ìta dé ìta; kò sí ohun kan lára kẹ̀kẹ́ yín tí ẹ ó fi rúlà wọ̀n tí yóò jẹ́ 700 mìlímítà. Èyí tí wọ́n ń pè ní 29 lára kẹ̀kẹ́ orí òkè, 622 kan náà ni. Èyí tí wọ́n kọ 28 sí lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tó ń ti Jámánì àti Netherlands wọlé, 622 náà ni. Ṣùgbọ́n 28 × 1½ tó wà lẹ́sẹ̀ Raleigh àtijọ́ tí àwọn bàbá wa gùn, 635 ni, kò sì sí bí ẹ ṣe lè fi í sí rímù yín kó dúró. Ti 26 ló wá burú jù. Èyí tí wọ́n fi pọ́íǹtì kọ, bíi 26 × 1.75, jẹ́ 559. Èyí tí wọ́n kọ ní 26 × 1⅜ jẹ́ 590. 26 × 1½ sì jẹ́ 584, èyí tí wọ́n tún sọ jí lẹ́nu ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, tí wọ́n ń pè ní 650B tàbí 27.5. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún yín pé ẹ lọ ra “26”, ẹ bi í pé èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni.

Kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ kò mọ orúkọ kankan nínú gbogbo èyí. Ohun tó mọ̀ ni gíga àárín wíìlì sí ilẹ̀, ìyẹn ìdajì ìwọ̀n rímù pẹ̀lú nínípọn táyà tó wà lórí rẹ̀. Tiyín báyìí jẹ́ 311 mọ́ 28, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 339 mìlímítà. Bí ẹ bá fi rímù 559 sí i, tí ẹ sì gbé táyà 54 lé e, yóò jẹ́ nǹkan bíi 333. Ẹ ò rí i pé 26 ńlá tí ẹni náà ń sọ kò fi ju mìlímítà mẹ́fà lọ kéré sí èyí tí ẹ ní. Ẹni tó bá di ojú tó gùn ún kò ní lè fi gíga nìkan mọ ìyàtọ̀ wọn. Ohun tí yóò mọ̀ ni pé táyà náà fẹ̀, pé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì rọ̀.

Kí wá ni gíga yìí ń ṣe sí ìdarí kẹ̀kẹ́? Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ yín, kí ẹ wo ọrùn rẹ̀, ìyẹn páìpù kúkúrú tí fọ́ọ̀kì, irin ẹlẹ́ka méjì tó di wíìlì iwájú mú, gbà inú rẹ̀ kọjá. Kò dúró ṣánṣán. Ó fì sẹ́yìn díẹ̀, síhà ẹni tó ń gùn ún. Ẹ mú ọ̀pá títọ́ kan, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọrùn náà kí ó fì gẹ́lẹ́ bó ṣe fì, kí ẹ sì jẹ́ kí ìdí ọ̀pá náà dé ilẹ̀. Ẹ fi ẹfun sàmì síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ so òkúta kékeré mọ́ òwú, kí ẹ fi rọ̀ láti àárín wíìlì iwájú, kí ẹ sì sàmì sí ibi tó tọ́ka sí nílẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni táyà ti kan ilẹ̀. Ẹ ó rí i pé àmì ọ̀pá wà níwájú àmì òwú. Àlàfo tó wà láàárín àmì méjèèjì ni àwọn tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ ń pè ní trail. Nítorí pé táyà ń kan ilẹ̀ lẹ́yìn ojú tí ìdarí rẹ̀ ń gbà kọjá, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń fà á padà sójú ọ̀nà nígbàkúùgbà tó bá yà díẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó mọ kẹ̀kẹ́ gùn fi lè tú ọwọ́ sílẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ yóò sì máa lọ tààrà.

Ohun mẹ́ta ló ń pinnu trail: bí ọrùn ṣe fì sẹ́yìn tó, bí ẹnu fọ́ọ̀kì ṣe yọ síwájú tó, àti gíga àárín wíìlì. Bí wíìlì bá ga sí i tí méjì yòókù kò yí padà, trail yóò gùn sí i. Ká ní ọrùn kẹ̀kẹ́ yín wà ní dígírì 71 sí ilẹ̀, tí fọ́ọ̀kì sì yọ síwájú ní mìlímítà 45, èyí tó wọ́pọ̀ lára irú kẹ̀kẹ́ ìlú bẹ́ẹ̀. Pẹ̀lú táyà 28-622 tí ẹ ní, trail rẹ̀ yóò jẹ́ nǹkan bíi 69. Bí ẹ bá gbé táyà 38 lé rímù kan náà, yóò di nǹkan bíi 73. Bí ẹ bá fi 54-559 rọ́pò rẹ̀, yóò di 67. Bí ó bá jẹ́ 40-559 ni wọ́n rí fún yín, yóò já wálẹ̀ sí 62. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ yóò fura sí ìyàtọ̀ mìlímítà méje. Ti méjì tàbí mẹ́ta, ó máa ń ṣòro láti mọ̀, àyàfi bí wọ́n bá ti sọ fún un ṣáájú.

Trail tó gùn ní oore tirẹ̀, ó sì ní wàhálà tirẹ̀. Bí kẹ̀kẹ́ bá ń sáré lórí ọ̀nà tó gbọọrọ, trail tó gùn máa ń mú kó balẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń rìn jẹ́jẹ́ láàárín àwọn ọkọ̀ tó há sójú kan, ọrùn tó fì sẹ́yìn pẹ̀lú trail gígùn a máa jẹ́ kí wíìlì iwájú fẹ́ ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ tí ẹ bá yà á sí, pàápàá bí ẹ bá so ẹrù mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Trail tó kúrú máa ń fúyẹ́ lọ́wọ́ nírú ibẹ̀, ó sì máa ń gba ẹrù iwájú dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ àwọn ará Faransé tó ń gbé àpò síwájú rìnrìn-àjò gígùn fi ní trail kúkúrú. Kò sí èyí tó dára ju èkejì lọ nínú méjèèjì. Iṣẹ́ tí ẹni fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ ṣe ló ń yan èyí tó yẹ.

Raleigh àtijọ́ tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan ló sábà máa ń mú kí àwọn ènìyàn gbà pé wíìlì ńlá ni ìfọ̀kànbalẹ̀. Lóòótọ́ ni wíìlì rẹ̀ ga, lóòótọ́ ni ẹlẹ́mu lè so kèrègbè mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ tí kò sì ní dà sílẹ̀ bó bá ń bọ̀ láti oko. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ọrùn rẹ̀ fì sẹ́yìn ju ti kẹ̀kẹ́ òde òní lọ, fọ́ọ̀kì rẹ̀ tẹ̀ síwájú gbọọrọ kí trail má bàa gùn jù, wíìlì iwájú sì jìnnà sí ti ẹ̀yìn. Àpapọ̀ gbogbo èyí, pẹ̀lú táyà tó fẹ̀ tó nǹkan bíi 40, ló ń mú un rìn bí àgbàlagbà. Bí ẹ bá yọ wíìlì ńlá yẹn nìkan, tí ẹ gbé e sí féèmù mìíràn, ìwà náà kò ní tẹ̀ lé e lọ.

Ibi kan wà tí gíga wíìlì ti lè dá wàhálà sílẹ̀ kíákíá, mo sì ń rí i lójú pópó: kí wíìlì iwájú bàjẹ́, kí wọ́n sì fi èyí tó kéré rọ́pò rẹ̀ níwájú nìkan. Bí wọ́n bá fi 40-559 síwájú kẹ̀kẹ́ yín tí wọ́n sì fi 28-622 sílẹ̀ lẹ́yìn, iwájú yóò rẹlẹ̀ ní nǹkan bíi mìlímítà 20, gbogbo féèmù yóò fì síwájú ní nǹkan bíi dígírì kan, ọrùn yóò sì dúró ṣánṣán sí i. Trail tó jẹ́ 69 yóò di nǹkan bíi 56. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà yóò máa yára ju bí ọwọ́ yín ṣe mọ̀ ọ́n lọ, ìwúwo yín yóò sì sún síwájú. Bí ẹ bá rí tòkunbọ̀ tí wíìlì rẹ̀ méjèèjì kò bára mu, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á bóyá bí wọ́n ṣe ṣe é láti ilé-iṣẹ́ nìyẹn.

Ọ̀rẹ́ yín lè sọ pé wíìlì ńlá tó ń yí ló ń gbé kẹ̀kẹ́ dúró. Èrò yìí ti pẹ́, kì í sì í ṣe irọ́ pátápátá. Ohun tó bá ń yí kíkankíkan máa ń ṣòro láti fẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí ó bá sì tóbi, tó wúwo létí, yóò tún ṣòro sí i. Ṣùgbọ́n ní 1970, David Jones, onímọ̀ kẹ́mísìrì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, so wíìlì kejì mọ́ iwájú kẹ̀kẹ́ kan, kò jẹ́ kí ó kan ilẹ̀, ó sì ń yí i sẹ́yìn kí agbára rẹ̀ lè pa ti èyí tó ń lọ síwájú rẹ́. Ó gun kẹ̀kẹ́ náà wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìgbà tó tì í láìsí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀ ni kò pẹ́ tó fi ṣubú. Ní 2011, àwọn onímọ̀ láti Delft ní Netherlands àti Cornell ní Amẹ́ríkà tún lọ síwájú: wọ́n ṣe kẹ̀kẹ́ kékeré kan tí wọ́n ti pa agbára yíyí wíìlì rẹ̀ rẹ́, tí wọ́n sì yọ oore trail kúrò lára rẹ̀, síbẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà ń dá dúró fúnra rẹ̀ nígbà tí wọ́n tì í, nítorí bí wọ́n ṣe pín ìwúwo sí ara rẹ̀. Ohun tí èyí fi yé wa ni pé yíyí wíìlì ń ran kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ láti yà síhà ibi tó bá ń fì sí, kì í ṣe pé ó ń gbé e dúró bí òpó. Lábẹ́ ẹni tó ń rìn jẹ́jẹ́ lọ sí ibi iṣẹ́, ìyàtọ̀ tó wà láàárín 622 àti 559 nínú ọ̀rọ̀ yìí kò tó nǹkan tí à ń náwó lé lórí.

Kí ló dé tí 20 ọ̀rẹ́ yín fi ń ṣe gìrìgìrì nígbà náà? Àárín wíìlì 20 tó wọ́pọ̀, ìyẹn 50-406, kò ga ju nǹkan bíi 253 lọ sí ilẹ̀, ìyàtọ̀ tirẹ̀ pọ̀ lóòótọ́. Bí ẹni tó ṣe é kò bá fa ẹnu fọ́ọ̀kì sẹ́yìn láti fi dí i, trail rẹ̀ yóò kúrú gan-an. Wíìlì náà fúyẹ́, nítorí náà kò sí ohun tó ń dá ọwọ́ dúró bí ọwọ́ bá gbọ̀n. Ṣùgbọ́n lára kẹ̀kẹ́ tó ṣeé ká, ibi tí mo máa ń kọ́kọ́ wò ni òpó gígùn tó gbé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ dúró àti ibi tó ti ń ká. Bí ìdè ibẹ̀ bá ti tú díẹ̀, gìrìgìrì ni yóò máa ṣe bó ti wù kí wíìlì rẹ̀ tóbi tó. Kí ó dì í mú láàárín itan méjèèjì, kí ó sì mi ọwọ́ rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Bí ó bá gbọ́ kọ̀kọ̀kọ̀, ọ̀rọ̀ sípánà ni. Wíìlì kékeré kò bá kẹ̀kẹ́ jẹ́ bí wọ́n bá ṣètò ohun yòókù fún un. Alex Moulton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé kẹ̀kẹ́ oníwíìlì 16 jáde ní 1962, ó sì fi rọ́bà ìmùmì síwájú àti sẹ́yìn rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé ohun tí wíìlì kékeré ń jìyà rẹ̀ jù ni ojú ọ̀nà tí kò tẹ́jú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan kòtò yín nìyí. Ẹ jẹ́ ká mú kòtò kan tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 150, tó jìn dáadáa, kí a sì rọra yí wíìlì wọ̀ ọ́. Wíìlì yín tí àárín rẹ̀ ga ní 339 yóò rì sínú rẹ̀ ní nǹkan bíi mìlímítà 8.4. Wíìlì 40-559 yóò rì ní 8.9. Ti ọ̀rẹ́ yín, 50-406, yóò rì ní 11.4. Nítorí náà ọ̀rẹ́ yín kò parọ́ nípa kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, torí ìyàtọ̀ mìlímítà mẹ́ta nínú gbogbo kòtò tí ẹ bá bá pàdé, ọwọ́ yóò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n láàárín 26 àti 700C tí ẹ ń jiyàn lé lórí, ìdajì mìlímítà ni. Táyà tó bá rọ̀ dáadáa yóò gbé ìyẹn mì láìjẹ́ kí ọwọ́ yín gbọ́.

Nípa táyà gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀. Táyà 28 kò ní àyè púpọ̀ tó lè fún pọ̀ kí rímù tó kan òkúta, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ fún un ní afẹ́fẹ́ tó le. Afẹ́fẹ́ tó le náà ló ń gbé gbogbo ọ̀gbun àti gálọ́ọ̀pù ojú ọ̀nà wá sí àtẹ́lẹwọ́ yín. Nígbà tí táyà bá ń ta sókè lórí títì tó ti hó, ìgbà díẹ̀díẹ̀ wà tí kò kan ilẹ̀ rárá, táyà tí kò bá sì kan ilẹ̀ kò lè yà, kò sì lè dúró bí ẹ bá tẹ bíréèkì. Táyà tó fẹ̀, tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì wà níwọ̀n, a máa tẹ̀ lé ojú ọ̀nà. Fún ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ní ìgboro, ohun tí mo pè ní ìdarí dáadáa gan-an nìyí, ju ọ̀rọ̀ dígírì àti trail lọ.

Ohun kan wà tó máa ń tan àwọn fọkanáísà jẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí táyà méjì bá ní afẹ́fẹ́ tí géèjì kà sí iye kan náà, èyí tó fẹ̀ nínú wọn ni yóò le jù, nítorí ara táyà ńlá ni afẹ́fẹ́ náà ń fà jù. Bí táyà bá fi ìlọ́po méjì fẹ̀, ìdajì afẹ́fẹ́ ni yóò fi le bákan náà. Nítorí náà, ẹni tó bá ra táyà 38 tó tún ní kí wọ́n fún un ní iye tí wọ́n ń fún 28 kàn pààrọ̀ òkúta kékeré sí òkúta ńlá ni. Iye tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà, òpin tí kò gbọ́dọ̀ kọjá ni, wọn kò ní kí ẹ dé ibẹ̀.

Frank Berto, ará Amẹ́ríkà kan tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wọn táyà kẹ̀kẹ́, ló mú ìlànà kan wá tí mo ṣì ń lò títí di òní: kí táyà rì ní ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún gíga rẹ̀ nígbà tí ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ bá jókòó lé e. Fún táyà 38, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà mẹ́fà. Bí ẹ ṣe lè wọ̀n ọ́n nílé rèé. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fi rúlà wọn gíga etí rímù sí ilẹ̀ ní ìsàlẹ̀ gan-an. Ẹ jókòó lé e bí ẹ ṣe máa ń jókòó, pẹ̀lú àpò tí ẹ máa ń gbé, kí ẹnì kan di kẹ̀kẹ́ mú, kí ẹlòmíràn sì tún wọ̀n ọ́n. Bí ó bá rì ju mẹ́fà lọ, ẹ fi afẹ́fẹ́ kún un. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó jáde díẹ̀. Ìwúwo ẹ̀yìn pọ̀ ju ti iwájú lọ, nítorí náà iye méjèèjì kò ní dọ́gba. Bí ẹ̀yin àti kẹ̀kẹ́ àti ẹrù bá tó 90 kílò, ẹ lè fi 50 sí 55 PSI (ìwọ̀n líle afẹ́fẹ́ tí géèjì ń kà) bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn àti 40 sí 45 níwájú, kí ẹ sì máa tún un ṣe láti ibẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ní ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ńlá lẹ́bàá títì fi etí wọ̀n ọ́n fún yín. Ẹ̀rọ yẹn ni wọ́n ń lò fún táyà dáńfó; inú táyà kẹ̀kẹ́ kéré, kí ẹ tó ṣẹ́jú, afẹ́fẹ́ ti kọjá ibi tó yẹ. Ẹ ra páǹpù ọwọ́ tó ní géèjì. Bí ẹnu túùbù yín bá sì jẹ́ èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ìdérí kékeré kan wà lórí rẹ̀ tí a máa ń tú kí afẹ́fẹ́ tó wọlé, ẹ ó nílò irin kékeré kan tí wọ́n ń dé lé e kí páǹpù lásán tó lè mú un. Kò wọ́n rárá.

Rírọ̀ náà ní ibi tó gbọ́dọ̀ dúró sí. Bí afẹ́fẹ́ bá kéré jù, táyà yóò máa fì sọ́tùn-ún sósì nígbà tí ẹ bá ń yà, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ yóò sì wúwo nígbà tí ẹ bá ń rìn jẹ́jẹ́, nítorí ojú táyà tó kan ilẹ̀ ti gùn jù. Bí rímù bá sì kan etí kòtò, yóò fún túùbù pọ̀ mọ́ ara rẹ̀, ihò kéékèèké méjì yóò sì wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ojú eyín ejò. Bí ẹ bá rí irú ihò méjì bẹ́ẹ̀, ẹ má wá ìṣó kiri nínú táyà; afẹ́fẹ́ ló kéré. Bákan náà, ẹ má fi táyà tó fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ sí orí rímù tóóró. Bí inú rímù bá fẹ̀ tó 17 sí 19 mìlímítà, yóò gba 38 láìsí ariwo.

Nípa ojú táyà, ẹ ra èyí tí ojú rẹ̀ dán tàbí tó ní ìlà tín-ín-rín. Táyà olórí kókó dára nínú ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n lórí títì, àwọn kókó náà máa ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹ bá ń yà, wọ́n sì máa ń mú kí iwájú ṣe bí ẹni pé ó fẹ́ yọ̀. Ẹ má bẹ̀rù òjò nítorí pé ojú rẹ̀ dán: táyà kẹ̀kẹ́ tóóró débi pé omi kò lè gbé e kúrò lórí títì bó ṣe máa ń gbé ti ọkọ̀.

Kí ẹ tó ra 38, ẹ wo àyè tó wà lára kẹ̀kẹ́ yín. Bí àlàfo tó wà láàárín táyà 28 yín àti féèmù bá tó mìlímítà 10 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, níwájú àti lẹ́yìn, 38 yóò wọlé, mìlímítà márùn-ún yóò sì ṣẹ́kù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo òkè pẹ̀lú, lábẹ́ ibi tí bíréèkì ti so mọ́ ọn, torí pé táyà yóò fi mìlímítà 10 ga sí i. Bí kò bá gba 38, ẹ wo 35 tàbí 32. Láti 28 sí 32 nìkan, ọwọ́ yín yóò mọ̀ ọ́n.

Ìmọ̀ràn láti fi 26 sí féèmù 700C ní ìṣòro méjì tí ẹni tó ń tún un ṣe kò sọ fún yín. Etí rímù 559 yóò rẹlẹ̀ ní mìlímítà 31 àti ààbọ̀ sí ibi tí rọ́bà bíréèkì yín ti ń mú. Bí kì í bá ṣe bíréèkì onídíìsì lẹ ní, rọ́bà náà kò ní dé ibẹ̀. Èkejì ni pé bí táyà 26 náà bá jẹ́ 40 péré, gbogbo kẹ̀kẹ́ yóò fi mìlímítà 20 sún mọ́ ilẹ̀, pẹ́dà yín yóò sì máa kan ilẹ̀ níbi tí ẹ bá ti ń yà tàbí tí ẹ bá ti ń gun etí kòtò. Ìyẹn máa ń gbé ènìyàn ṣubú.

Ẹ sì jọ̀ọ́, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan, ẹ fún bíréèkì iwájú pọ̀, kí ẹ sì ti kẹ̀kẹ́ síwájú sẹ́yìn. Bí ẹ bá gbọ́ ìró tàbí tí ọrùn rẹ̀ ń mì lábẹ́ ọwọ́ yín, bọ́ọ̀lù inú ọrùn ti tú, díẹ̀ nínú gbígbọ̀n tí ẹ ń sọ sì ti wá láti ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìyàwó yín ni ibi tí wíìlì tó kéré ti tọ́. Bí féèmù bá kúrú tí wíìlì rẹ̀ sì jẹ́ 622, táyà iwájú máa ń sún mọ́ pẹ́dà débi pé orí bàtà yóò máa kàn án nígbà tí ó bá ń yà jẹ́jẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń fa ọrùn sẹ́yìn, wọ́n sì máa ń ti fọ́ọ̀kì síwájú kí ó má bàa kàn, ìdarí rẹ̀ á sì wá di èyí tí kò bá ẹni tó ń gùn ún mu. 584 tàbí 559 lára féèmù tí wọ́n ṣe fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ ló dára jù fún ènìyàn kúkúrú. Kẹ̀kẹ́ orí òkè oní-26 kún ọjà tòkunbọ̀; ẹ yọ táyà olórí kókó rẹ̀, kí ẹ fi 26 × 1.75 tí ojú rẹ̀ dán sí i. Nígbà tí ẹ bá dé ọjà, kí ó wọ bàtà tí yóò máa fi gùn ún, kí ó jókòó, kí ó gbé pẹ́dà kan síwájú kí ó dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀, kí ó sì yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sọ́tùn-ún àti sósì. Bí orí bàtà bá kan táyà, ẹ lọ wo òmíràn. Bí kò bá kàn án ṣùgbọ́n tó kù díẹ̀, ẹ rántí pé mọ́gáàdì tí ẹ ó fi sí i nígbà òjò yóò tún gba àyè.